Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Létí Odò

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ya àwòrán náà. Inú ìwé kan ni mo ti rí i: odò ilẹ̀ Faransé kan, tí ọmọ ilẹ̀ náà kan fi ọ̀dà olóòróró yà ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Igi ńláńlá, omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, àti obìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ funfun, tó kúnlẹ̀ létí odò, tó ń fọṣọ. Obìnrin náà kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, àmọ́ òun ló gbà mí lákòókò jù. Mo fi ọ̀dà olóòróró ya tèmi náà, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ ilé wa ní Ẹdẹ.

Bàbá mi ti ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n wọn, tí à ń pè ní Bàbá, ló ń ṣe olórí ilé, àwọn ló sì máa ń ṣáájú wa kírun. Àwọn ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀ṣun lobìnrin yìí ń bọ."

"Aṣọ ló ń fọ̀, Bàbá."

"Ta ní ń kúnlẹ̀ fọṣọ?"

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Orí àpótí là ń jókòó sí fọṣọ, tàbí ká bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, ẹnìkan ló wà níwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọṣọ lọ́hùn-ún, títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n ní kí n kun obìnrin náà pa kó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán náà ò ní gbé ilé àwọn mọ́.

Ìyá mi ní kí n ṣáà ya koríko lé e lórí, ta ni yóò mọ̀? Inú bí mi gan-an. Èmi yóò mọ̀!

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá ti mọ́sálásí dé, wọ́n bá obìnrin náà níbi tó wà. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ gáfárà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò mí. Ṣé ẹ̀yin ni mò ń bọ báyìí?"

Ìyá mi gbá mi lẹ́nu. Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Mo gbé àwòrán mi, èmi náà sì bá a lọ. Yàrá kan ni mo háyà lójú ọ̀nà Awo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ránṣẹ́ pé tí n bá ti pa obìnrin náà rẹ́, kí n padà wálé. Mo fèsì pé èmi àti obìnrin náà la jọ máa wọlé, àbí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wọ̀ ọ́.