Ṣọ́ọ̀bù Tí Kò Ní Ìwé Ìwọ̀n

Ìyá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi obìnrin yìí, ṣùgbọ́n àbúrò mi bí mi nínú gan-an lọ́sẹ̀ tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ la ń pè é láti kékeré, torí kì í kánjú sí ohunkóhun. Ọdún mọ́kànlá ló fi ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá, tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ aránṣọ wá fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún: maṣíìnì mẹ́rin, tábìlì ńlá, àti oníbàárà tó ń wọ́ tìrítìrí. Mo ní, "Kí lo tún ń wò? Sanwó fún bàbá!"

"Àǹtí mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Títí ẹlòmíì á fi rà á mọ́ ọ lọ́wọ́!"

Jẹ́jẹ́ wọnú ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ó jókòó ti maṣíìnì kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n rán àkísà. Ó lọ bá onílé, ó bi í bóyá yóò jẹ́ kí òun dúró síbẹ̀. Ó bi àwọn aládùúgbò bóyá òjò ń wọlé. Ó tilẹ̀ bi bàbá bóyá ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù míì nítòsí. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ fẹ́ bàbá ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, Jẹ́jẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí."

Bàbá fìka kan orí ara rẹ̀. "Ibí ló wà. Tí mo bá ti wo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó tán."

Háà! Inú orí bàbá ni gbogbo oníbàárà tí mo ń kà ń gbé, orí náà sì ń lọ sílé lọ sinmi. Owó ọdún mọ́kànlá ni mo fẹ́ kí ọmọ ìyá mi fi ra maṣíìnì mẹ́rin.

Jẹ́jẹ́ ní òun á rà á tí bàbá bá lè bá òun jókòó fún oṣù mẹ́ta, kí òun máa wọn ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Bàbá fajú ro. "Wọn àwọn èèyàn mi? Ìwọ̀sí nìyẹn!"

Ibi tí a ti ń fà á ni màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé, ó fẹ́ rán búláòsì. Jẹ́jẹ́ mú téèpù, màmá náà sún sẹ́yìn. "Bàbá ò wọ̀n mí rí o." Ni Jẹ́jẹ́ bá kúnlẹ̀, ó na téèpù sí bàbá. "Ẹ bá mi wọ̀n wọ́n, sà."

Bàbá gbé téèpù lé èjìká màmá, ó fi èékánná mú ibi tó parí sí, ó ń wo nọ́ńbà ibẹ̀. Ó wá tẹ̀ sí etí àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo gbọ́: "Bá mi kà á. Mi ò mọ̀wé."

Ojú tì mí, ẹnu tí mo fi ń kánjú yìí ló kó ìtìjú bá mi. Ogójì ọdún ni bàbá fi gbé ìwọ̀n ara gbogbo àdúgbò sórí, torí kò rí ibòmíì gbé e sí.

"Mẹ́rìndínlógún ni," Jẹ́jẹ́ wí, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ máa wọ̀n ọ́n, sà, èmi á máa kọ ọ́."

Bàbá ní òun gbà, kódà tó bá di oṣù mẹ́fà. Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé tuntun. Kó tó kọ orúkọ màmá, bàbá na ọwọ́ dí ojú ìwé náà, ó ní kó kọ́kọ́ kọ orúkọ òun sókè. Jẹ́jẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Èmi rèé?"