Búrẹ́dì Ọjọ́ Ajé

Ariwo bẹ́ńṣì tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé àwọn pásítọ̀ ti dé. Bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ Ọlọ́run ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Pápá Àjàó. Mẹkáníìkì wà nínú wọn, télọ̀ wà níbẹ̀. Òórùn epo mọ́tò ara mẹkáníìkì a dàpọ̀ mọ́ ti búrẹ́dì tí Àǹtí Oníbúrẹ́dì, ayálégbé inú yàrá ẹ̀yìn, ń tò fún títà.

Àwọn ìjọ kan lókè òkun ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ìwé tó rẹwà, n ò ní purọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, bí wọ́n ṣe ń sìnkú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àsìkò òjò ni ọmọ Àǹtí Oníbúrẹ́dì kú. Ọmọ ọwọ́ ni, ibà ló ṣe é. Mo ti pọ̀n ọ́n rí, ó ṣì ń dùn mí. Télọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di pásítọ̀, ni wọ́n ní kó darí ìsìnkú. Ó wọ yàrá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wọṣọ, ká jọ lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i."

Ta ni kò mọ̀ pé ìyá kì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀? Télọ̀ náà kúkú mọ̀, ìwé ló gbé e lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé Àǹtí dìde lóòótọ́, ó ń wá bàtà rẹ̀, nítorí pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà bọ́ bàtà tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní. "Jókòó, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ó fọwọ́ pe télọ̀, òun náà jókòó. Àwọn ọkùnrin ìjọ lọ sin ọmọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ẹní yẹn, òjò ń lu páànù, títí obìnrin náà fi rí ẹkún sun.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá àgbà pe àwọn ará òkè òkun lórí fóònù, mẹkáníìkì ń túmọ̀, ó ń làágùn. Bàbá dúpẹ́ títí, bí àgbà Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ sọ pé òun ò fẹ́ nǹkan. Ó wá ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ bá wa ra bẹ́ńṣì, ẹ bá wa wá owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń ti Ìdó wá. Ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ ara wa." Ọkàn gbogbo wa ò balẹ̀, a rò pé ìrànlọ́wọ́ ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa.

Bàbá àgbà ti lọ sinmi. Èmi ni mò ń ṣètò kíláàsì ọjọ́ Ajé báyìí, télọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń kọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó nílé ọlọ́fọ̀, kó má wàásù. Èmi tí n kì í ṣe pásítọ̀ pàápàá, bí mo bá dé ibi tí ìbànújẹ́ wà, bàtà ni mo máa ń kọ́kọ́ bọ́.

Àǹtí Oníbúrẹ́dì ti darúgbó, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọjọ́ Ajé kọjá láì gbé búrẹ́dì wá fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan bi í lọ́jọ́ kan pé nítorí ta ló ṣe ń gbé e wá. Ó nàka sí télọ̀.

"Ó bá mi jókòó," ó wí.