Ìwé Ìbéèrè Tí Tíṣà Zachariah Máàkì

Lọ́dún 1993, ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí Igbó-Ọrà, pé kí àwọn alárùn jẹjẹrẹ fọwọ́ ara wọn kọ bó ṣe ń ṣe wọ́n sínú rẹ̀. Olóògbé Tíṣà Zachariah, Bàbá Fọlábí, kò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Bírò pupa ló fi máàkì ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kí ẹni tó kọ eléyìí wá rí mi."

Nọ́ọ̀sì Mùnírátù tó ń gba ìwé jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, àìsàn yín ni wọ́n bèèrè!"

"Wọ́n ní, 'Ǹjẹ́ o ń sùn dáadáa?' Ta ni 'o'? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé jẹjẹrẹ ló wá sọ mí dọmọdé?"

Kò ya Mùnírátù lẹ́nu. Ní gáréèjì Lánlátẹ̀, Bàbá yìí kan náà rí i pé wọ́n ṣi "Èrúwà" kọ sára ọkọ̀, ló bá kọ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè bá ọkọ̀ tí kò mọ orúkọ ibi tó ń lọ rìn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Àpèkẹ́, aládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é. Tíṣà bá a níbi tó ti ń fi eyín di etí ìró rẹ̀ mú nítorí ìrora, bẹ́ẹ̀ oògùn ẹ̀fọ́rí lásán ni wọ́n fún un, torí ohun tó kọ sínú ìwé nìyẹn: kò sí wàhálà.

"Kí ló dé tó o kọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní, 'Ṣé ara le?' Mo ní, 'Ara le, a dúpẹ́.' Bàbá, ṣé kí n ní a ò dúpẹ́ ni?"

Inú bí Tíṣà dé góńgó. Nígbà tí dókítà tó ni ìwé náà dé láti Ìbàdàn, ó ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kí obìnrin, ó jẹ́ yín lóhùn, ẹ wá pè é ní èsì! Ẹ bi í bóyá apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì lè gbé korobá omi. Ẹ bi í bóyá ó ṣì lè forí kanlẹ̀ kírun!"

"Bàbá, gbogbo ayé ló ń lo ìwé yìí."

"Àpèkẹ́ ò sí nínú ayé ni?"

Dókítà fa àga, ó jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún ìbéèrè náà kọ, tí wọ́n ń bi àwọn aláìsàn fúnra wọn bóyá ó yé wọn. Lọ́sẹ̀ náà, Àpèkẹ́ gba oògùn gidi, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní 1995, àìsàn dá Tíṣà alára gúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé bírò mọ́, Mùnírátù ló ń ka ìbéèrè fún un nílé. Ó sọ ibi tó ń dùn ún, kò jiyàn, kò bínú. Ẹ̀rù ba Mùnírátù. Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, bóyá Bàbá á pariwo mọ́ òun.

Tíṣà rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó yé mi, ọmọ mi. Máa kà á lọ."