Àwọn Tó Júwe Ilé Ṣẹ́fù

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ìkànnì wa mú wá sí ilé àlejò Ṣẹ́fù kò wá sùn. Oògùn ló wá rà. Sakété ló ti gbéra láàárọ̀, ó gun zẹmijáàn, alùpùpù akérò, láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ṣí fìlà, ó kí mi dáadáa, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé orí ayélujára lòun ti rí wa.

Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé yàrá tó kọjú sí ọ̀sà lẹ fẹ́ ni, àbí ti ẹ̀yìnkùlé?"

Bàbá náà tún bojú wẹ̀yìn. "Ìyá, kì í ṣe yàrá. Oògùn tí ọkùnrin ń lò ni. Èyí tí wọ́n ní ó máa ń ṣiṣẹ́ kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá."

Mo jókòó. Mo rọra ṣàlàyé fún un pé ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan la ní. Kò gbà mí gbọ́. Ó rò pé ojú ń tì mí ni.

Orúkọ mi ni Mùnírátù. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, iṣẹ́ daktiló ni mo sì kọ́, iṣẹ́ títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n ní Rẹfolúṣọ̀n ti dé, ni wọ́n gbà mí sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan nílùú wa. Ọ̀gbẹ́ni Láwànì ni olórí wa níbẹ̀, Ṣẹ́fù ni gbogbo wa sì ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Ó ní, "Dìde. Kò sí ọ̀gá mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Kamaraadi ni gbogbo wa."

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Kamaraadi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ bu omi wá fún mi."

Nígbà náà, lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a fi èdè Faransé kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a ti múra tán fún Rẹfolúṣọ̀n, pé ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Bí a bá ń tọrọ ìgbálẹ̀, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Bí a bá ń kìlọ̀ fún awakọ̀ wa pé kó yéé sùn lẹ́nu iṣẹ́, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Ọwọ́ mi mọ ọ̀rọ̀ yẹn débi pé n kì í wojú ìwé kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Rẹfolúṣọ̀n kọjá, èmi àti Ṣẹ́fù sì fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló sọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ di ilé àlejò oníyàrá méje. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ṣe ìkànnì kan fún un lórí ayélujára, àmọ́ wọ́n ní bí ilé náà bá ṣì ṣófo títí ìtúnu ààwẹ̀, àwọn yóò tà á, kí bàbá wọn wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ṣẹ́fù kò fẹ́ràn òtútù, kò sì fẹ́ràn aya àkọ́bí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lójú fèrèsé tó ti ń wo ojú ọ̀nà.

Ó ní, "Mùnírátù, a ní ìkànnì, ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Wá nǹkan ṣe sí i."

Báyìí ni mo ṣe tún di akọ̀wé. Mo gba Ouando lọ, sọ́dọ̀ Sènami, obìnrin Gun kan tó ni sáíbà, ilé tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà, nítòsí ọjà. Sènami kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé yọni lẹ́nu.

Ó bi mí pé, "Táńtì, bí ẹ bá wọ ọjà yìí, tí ẹ fẹ́ ra ọṣẹ dúdú tó dáa, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tí ẹ máa lọ bá?"

"Màá bi àwọn ará ọjà."

"Bí èèyàn mẹ́wàá bá nawọ́ sí ìsọ̀ kan náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni màá lọ."

"Bí ẹlòmíràn bá wá ń pariwo pé tòun ló dáa jù?"

"Gbogbo wọn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ awárí tí àwọn èèyàn fi ń wá nǹkan lórí ayélujára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í gbọ́ ariwo ẹni tó ń yin ara rẹ̀. Ó ń wo iye ìkànnì tó nawọ́ sí tiyín, ó sì ń wo irú ẹni tí wọ́n jẹ́."

Ìnawọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìjápọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni lójú ìkànnì ẹlòmíràn: bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Iṣẹ́ tèmi ni láti wá àwọn tí yóò ṣe irú ìjápọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa.

Mo jíṣẹ́ fún Ṣẹ́fù. Apá tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ Sènami, irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kò wọ̀ ọ́ létí. Iye nìkan ló gbọ́. Ó gé páálí ńlá kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé ìjápọ̀ ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ó sì gbé e kọ́ síbi tí a ti ń jẹun. Nígbà tí oṣù fi parí, a ní méjì. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, èkejì láti ọ̀dọ̀ Sènami, tí àánú wa ṣe.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yọ láti Kútọnu, tó so táì, tó ní òun lè fún wa ní ìjápọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú Ṣẹ́fù là bí ẹni tí wọ́n fún lóyè. Sènami kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Bàbá, ta ni àwọn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yìí?"

Ṣẹ́fù ní, "Mẹ̀kúnnù ni wọ́n. Mẹ̀kúnnù kì í ṣìnà."

Ọ̀sẹ̀ kan pé, ìjápọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì dé lóòótọ́. Lẹ́yìn bàbá Sakété, obìnrin kan pè wá lórí fóònù pé òun fẹ́ ìpara tó máa mú ikùn fà sẹ́yìn, àmọ́ tí kò ní fọwọ́ kan ìdí. Òmíràn fẹ́ kí a sọ nọ́ńbà tí yóò jáde nínú tẹ́tẹ́ fún òun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irú oògùn àti ìpara bẹ́ẹ̀, àti àwọn onítẹ́tẹ́, ni ìjápọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wa ti wá. Ṣẹ́fù ń kun páálí rẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní ó kéré tán, wọ́n ti mọ̀ wá.

Kò pẹ́ tí Sènami fi pè wá. Ó tẹ orúkọ ilé àlejò náà gan-an sínú ẹ̀rọ awárí níṣojú wa. A rí aránṣọ kan ní Kinshasa. A rí ẹni tó ń ta ewúrẹ́. A kò rí ara wa.

Ó ní, "Àwọn tó ni ẹ̀rọ awárí ti yọ yín kúrò nítorí ìjápọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn. Wọ́n kà yín mọ́ oníjìbìtì."

Ṣẹ́fù tún táì rẹ̀ ṣe. "Ta ni olórí wọn? Màá lọ rí i."

"Bàbá, kò sí ibi tí ẹ ti lè jókòó dè é."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì sí ìṣòro tí kò ní ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè jókòó sí.

Mo fi bí oṣù kan kọ̀wé sí àwọn ọlọ́jà oògùn àti onítẹ́tẹ́, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yéé júwe wa. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò dáhùn, Sènami sì bá wa kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ awárí pé àwọn tó kù yẹn, a kò mọ̀ wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Mo wá ọgbọ̀n ènìyàn tó ní ìdí láti mọ̀ wá: àwọn tó ń kọ̀wé nípa ilé àtijọ́, àwọn olùkọ́, àwọn arìnrìn-àjò, àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odi. Mo kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ka ohun tí ó kọ kí n tó kí i. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mo sì fi yangàn.

Nígbà tí mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ tán ni mo gbé ẹ̀dà wọn fún Ṣẹ́fù. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Mùnírátù, kí lo kọ sísàlẹ̀ yìí?"

Mo wò ó. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà ọgbọ̀n, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Èmi kò mọ ohunkóhun níbẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo ló dáhùn. Bàbá àgbà kan ni, tó fi Lyon ṣe ibùgbé, tó ti ṣe akọ̀wé ìjọba rí nílé wa. Ó ní ìkànnì kan tó ń kó ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà Rẹfolúṣọ̀n jọ. Ó kọ̀wé pé òun rẹ́rìn-ín títí ìyàwó òun fi jáde láti ilé ìdáná wá wò ó bóyá ara òun yá. Àmọ́ ó ní òun kò lè júwe iye owó yàrá fún àwọn tó ń ka ìkànnì òun. "Ẹ kọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà náà sójú ìkànnì yín. Kó jẹ́ òótọ́. Bó bá dára, màá sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n wá kà á."

Mo mọ ohun tí mo lè kọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni.

Láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáko. Oko tiwa wà lọ́nà Avrankou. Àwa akọ̀wé máa ń wọ bàtà gogoro lọ síbẹ̀. Ṣẹ́fù ní kí a fi okùn wọn poro kọ̀ọ̀kan kó tọ́ bí ìlà ìwé. Àgbẹ̀ kan tó múlé tì wá dúró, ó wò wá títí, ó ní, "Okùn yín tọ́ gan-an. Òjò ló ti lọ." Ewúrẹ́ jẹ ìwọ̀nba tó hù. Ni wọ́n bá kọ̀wé pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo ìkórè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ṣẹ́fù rán èmi àti awakọ̀ lọ sí Ouando, a ra àpò àgbàdo mẹ́rin, a tẹ́ ẹ sójú oko. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn mú ṣiiri méjì, ó bi Ṣẹ́fù pé báwo ni irúgbìn kan ṣe so funfun, tó tún so pupa.

Ṣẹ́fù ní, "Ìṣọ̀kan ni, Kamaraadi."

Èmi ni mo tẹ ìròyìn ìkórè náà. Wọ́n yìn wá, wọ́n sì ní kí a kó ìlọ́po méjì wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo dárúkọ àgbàdo, Ṣẹ́fù dìde. "O ò ní kọ ọ́. Olóòótọ́ ni àwọn ọmọ mi mọ̀ mí sí." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin kan wá wọn ilé. Àwọn ọmọ ló rán an. Ó gbé bàtà wọ yàrá tí bàbá Ṣẹ́fù kú sí, ó na tépù láti ògiri dé ògiri, ó ń sọ nọ́ńbà sókè fún ara rẹ̀, ó ní ògiri yìí yóò wó, ti ọ̀hún yóò wó. Ṣẹ́fù dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi ṣe tán. Ó sìn ín jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá padà wọlé, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe látijọ́.

"Mú ìwé. Màá pè é, kí o máa kọ ọ́."

Ó pè é láti orí okùn dé orí ewúrẹ́. Nígbà tó kan ọjà Ouando, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kọ ọ́ pé a wá ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn mi wò ó.

"Pa ìyẹn rẹ́. Kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ la rà."

Bàbá Lyon mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, olùkọ́ àgbà kan ní Parakú kà á, ó kọ sí ìkànnì tirẹ̀ pé iṣu tí ilé ìwé àwọn gbé síwájú ìgbìmọ̀ nígbà náà, àwọn yá a ni, oníṣu sì dúró sẹ́yìn igi láti gbà á padà. Ó ṣe ìjápọ̀ sí wa kí àwọn èèyàn lè ka tiwa. Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣèwádìí tẹ̀ lé e. Kò tó ogún gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tí Sènami tún tẹ ilé àlejò Àjàṣẹ́ sínú ẹ̀rọ awárí, àwa ló kọ́kọ́ jáde. Ṣẹ́fù ní kó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí dé kí ààwẹ̀ tó parí. Olùkọ́ Parakú àti ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, wọ́n sì ní kí a mú àwọn lọ wo oko. Ṣẹ́fù fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dúró láàárín èérún igi, ó nawọ́ yíká.

Ó ní, "Ibí gan-an ni a kò ti kórè ohunkóhun."

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ títa ilé mọ́. Àkọ́bí rẹ̀ pè é, ó ní òun ti ka ìtàn náà, òun sì ti kà á fún ìyàwó òun. Ṣẹ́fù ní, "Kí ló wí?" Ọmọ náà ní ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni Ṣẹ́fù ti ń béèrè àlàáfíà aya ọmọ náà.

Mo tún ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin kí ojú mi tó sọ pé ó tó. Àwọn onílé àlejò mìíràn ṣì máa ń wá bá mi pé kí n bá àwọn wá ìjápọ̀. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n ní tí ẹlòmíràn fi máa fẹ́ júwe wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í padà wá.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ṣẹ́fù ní òun yóò fún mi ní ìwé ẹ̀rí, òun ni yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ títí ìrun ọ̀sán fi tó: kọ́, ó dúró, kọ́, ó dúró. Nígbà tó gbé e fún mi, orúkọ mi dín ní lẹ́tà kan, ìlà kejì ti yọrí wọ ìlà kẹta. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí èèyàn.

Ó ní, "Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀?"

Mo ní kò sí.