Ìgbátí Mẹ́ta Tíṣà Julianah

Ìgbátí mẹ́ta ni. Tíṣà Julianah kà á. Àkọ́kọ́ bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ìkejì àti ìkẹta bà á létí òsì, níwájú ọmọ mẹ́tàlélógójì tó ń kọ́ ní puráímárì fọ́ọ̀ ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka ipò ní Dìsẹ́ńbà 1971.

Lùkúmọ̀n télọ̀ ló gbá a. Ó ti rán aṣọ tuntun fún Nọ́síràtù ọmọ rẹ̀, ó sì kó ẹbí wá kí wọ́n wá gbọ́ ipò ọmọ náà. Tíṣà kà á pé ìkejìlélógójì ni, kò ní lè lọ sí kíláàsì tó kàn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lùkúmọ̀n ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, ó fò dìde, ó na ọwọ́. Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, wà níbẹ̀. Kò dìde. Ó ní kí wọ́n máa ka ipò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àgbàlagbà mẹ́rin wá bẹ Tíṣà nílé, Fákúnlé tẹ̀ lé wọn. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Lùkúmọ̀n fúnra rẹ̀ ò wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: àgbà á bá ẹni tó ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Tíṣà Julianah kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé fìlà yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbá mi. Ojú àwọn ọmọ ló ti gbá mi, ojú wọn náà ni kó ti bẹ̀ mí."

Fákúnlé rẹ́rìn-ín. "Ọmọ òṣómàáló! Ṣé o máa lọ lóṣòó gba ẹ̀bẹ̀ ni?"

Iléṣà ni bàbá Tíṣà ti wá, ó wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ò bá san, títí yóò fi san. Yẹ̀yẹ́ yẹn dun Tíṣà ju ìgbátí lọ. Kò lè jẹun. Ọmọ wo ló tún máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu, nígbà tí wọ́n ti rí i pé wọ́n lè na tíṣà, kí wọ́n sì máa ka ipò lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Lùkúmọ̀n lóòótọ́. Kò bú u. Kò kí i. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ: "Ó gbá mi ní ìgbátí mẹ́ta lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni mo wá gbà." Ìyàwó Lùkúmọ̀n gbé àpótí fún un kó fi jókòó, ó ní rárá. Àwọn tó kó aṣọ Kérésì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kọkànlá, aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì, ni Lùkúmọ̀n bá ní òun máa wá bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé ní Jánúárì, ó dúró síwájú gbogbo ọmọ lórí ìlà. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí Tíṣà má bínú.

Tíṣà yí etí òsì sí i. Etí yẹn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ látọjọ́ náà.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Nọ́síràtù. Etí tí ẹ gbá ni mo fi ń gbọ́."

Ó sọ ọ́ sókè débi tí Fákúnlé fi gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì. Tíṣà ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó wọ kíláàsì, ó ṣí rẹ́jísítà, ó sì pe orúkọ Nọ́síràtù.