Màmá Atutọ́ àti Àgbá Méjìlá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń tọ́ wáìnì wò, kò sì gbé ẹ̀kán kan mì rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí àwọn aláròká kan wà ládùúgbò wa, bí wọ́n bá ti rí obìnrin tó jáde láti ilé ọtí pẹ̀lú ètè pupa, wọ́n á ní ọ̀mùtí ni. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́ o. Á fà á sẹ́nu, á yí i kiri ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé e, á tu ú sínú garawa, á wá sọ ohun tó bá níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Atutọ́ nìyẹn. Èmi àbúrò rẹ̀, abẹ́ ilé iṣẹ́ wáìnì kan náà ni mo ti ń gbé àgbá, tí mo sì ń tún èyí tó bá ń jò ṣe.

Ìgò ló kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kan ló gbóòórùn ìgò kan, ó ní ti eléyìí ò dáa, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i pé gbogbo ìgò tó bá a wọlé ni inú rẹ̀ ti bu. Látìgbà náà ni wọ́n ti gbé ife lé e lọ́wọ́. Kì í jẹ àlùbọ́sà kó tó lọ síbi iṣẹ́, kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, omi lásán ló fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé, "Ahọ́n yìí lọkọ rẹ, àlè lásán lèmi." Nígbà tí ọkọ náà kú, táwọn ọmọ sì ti lọ ilé wọn, iṣẹ́ yìí ló kù ú kù.

Lọ́dún kan òjò ò rọ̀ dáadáa. Èso àjàrà wá rí kékeré, èèpo wọn nípọn. Wáìnì tiwa, irú tí àwọn ará Bọdó nílẹ̀ Faransé ń ṣe ni: èso oríṣi mẹ́ta la ń pò pọ̀, a ó wá rọ ọ́ sínú àgbá onígi kó máa dàgbà níbẹ̀. Tọdún náà kún àgbá méjìlá, ó sì le. Bí èèyàn bá fẹnu kàn án, á há mọ́ ọn lẹ́nu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n.

Ọ̀gá wa lọ mú amòye kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ wa tó tutù, tó kún fún àbàwọ́n ọtí, la bá sọ ọ́ ní Bàtà Funfun. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú, ojú rẹ̀ hunjọ. "Èyí ò ní rọ̀ láéláé," ló wí. "Ẹ kó o fún àwọn tó ń ṣe ọtí kíkan."

"Ẹ má bínú, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò bàjẹ́. Kò tíì dàgbà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ahọ́n àgbàlagbà máa ń kú díẹ̀díẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo ti di òòlù mi mú. Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú láìwo ojú mi. Ọ̀gá ló kọjú sí. "Ẹ fún mi lọ́dún méjì, sà. Bí kò bá rọ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé ife mi lé tábìlì yín, mi ò sì ní sọ̀kalẹ̀ wá síbí mọ́." Ọ̀gá ní ó dáa, gbogbo wa gbọ́ ọ. Obìnrin tí kò ṣiṣẹ́ mìíràn rí láyé, ó fi iṣẹ́ náà ta tẹ́tẹ́.

Igi máa ń mu wáìnì. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, wáìnì inú àgbá á ti fà díẹ̀, bí a bá sì fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó máa kan ni. Torí náà la ṣe pín àgbá kejìlá sínú àwọn ìgò ńláńlá, òun la sì fi ń kún mọ́kànlá tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà kí a da nǹkan mìíràn sí i. "Ọmọ ìyá wọn nìkan ló ń kún wọn," ló máa ń sọ.

Lọ́dún kejì ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù méjì ló fi wà nílé. Èmi ni mo wá ń kún àgbá, ìgbà tó yá, ọkàn mi ò jẹ́ kí n sinmi. Mo tọ́ àgbá keje wò. Ó ṣì ń há mọ́ni lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn mi, níbi tó ti jókòó sílé bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Wáìnì ọdún tó ṣáájú wà nítòsí, tó rọ̀ bí òwú. Mo fa garawa mẹ́fà jáde nínú àgbá keje, mo fi garawa mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú yẹn dípò rẹ̀. Mo ní oore ni mo ṣe.

Ọjọ́ tó padà, igi ló fi ń tilẹ̀ bọ̀. Ó tọ́ wọn wò láti orí ìkíní. Nígbà tó dé ìkeje, ó pẹ́ kó tó tu ú. Ó wò mí. Èmi náà mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Òmùgọ̀ èèyàn ni mí.

Ọdún méjì pé, Bàtà Funfun dé. Ó rìn yí àwọn àgbá náà ká, ó rí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó ní ìkeje lòun fẹ́. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú. Ó ní, "Ó ti rọ̀ o. Màmá, ẹ jàre mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà.

"Ẹ má ka ìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àdàlù ni. Àbúrò mi tó dúró sẹ́yìn yín yẹn ló da wáìnì mìíràn sí i nígbà tí mo wà nílé. Bí mo bá máa borí, wáìnì mi ni kó bá mi borí. Mi ò fẹ́ àánú." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ náà rò pé ahọ́n mi ti kú ni?"

Bàtà Funfun tó sọ ọ́ lójú rẹ̀, àlejò ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, garawa mẹ́fà ni mo sì fi sọ ọ́. Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí dòní.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Ọ̀gá. Bàtà Funfun ní, "Kí la máa wá tọ́ wò báyìí?"

"Mẹ́wàá ló kù, sà. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ó mú ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fa wáìnì náà sínú ife fún un. Bàtà Funfun fà á sẹ́nu, ó yí i kiri, ó fa afẹ́fẹ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn ti garawa sún mọ́ ọn. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. A rí gògóńgò rẹ̀ tó lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gbàgbé láti tu ú, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàtà Funfun kàn na ife náà padà sí i kó tún bu sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi bu sí i fún un. Ó wá bu tirẹ̀, ó fà á sẹ́nu, ó yí i kiri, ó sì tu ú sínú garawa bó ṣe ń tu ú látijọ́. Ọ̀gá ti ń pàṣẹ kí wọ́n lọ kó ìgò wá.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ìgò yín padà, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ku ọdún kan kó tó dàgbà tán."