Ẹlẹ́sẹ̀ Ogójì láti Kyiv

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń rán bájì kọṣẹ́, nígbà tí ó ti rán bájì mẹ́sàn-án péré nínú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Abẹ́rẹ́ dúró gbọin láàárín súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, iná pupa ń ṣẹ́jú, Sìmíátù Àjàdí sì jókòó tì í, ó ń wò ó bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kọ oúnjẹ.

Gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Newton Heath, ní Manchester, ló mọ̀ ọ́n sí aránṣọ. Bí síìpù bá já, bí ṣòkòtò bá gùn jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ṣùgbọ́n bájì tí ó ń rán sára aṣọ àwọn ọmọ ilé-kéwú ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń fẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ọ̀gá ilé-kéwú sì ti fi ìtìjú sọ fún un pé bí ó bá pẹ́, ìgbìmọ̀ yóò gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan.

James dé kí ìrun Àsárì tó tó. Ọmọ dókítà Yorùbá ni, Manchester ni wọ́n bí i sí, òun ló ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe káàkiri ìlú. Ó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó tú u, ó yẹ ibí wò, ó yẹ ọ̀hún wò, ó mí kanlẹ̀.

“Aunty, chip yìí ló kú. Ọpọlọ ẹ̀rọ nìyẹn. Mo lè order òmíràn, but ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.”

“Mo ní Sátidé, o ń pe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún mi.”

“Ẹ ra ẹ̀rọ tuntun, ma. Èyí ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí bàbá lọ sinmi.”

Sìmíátù fi awò ojú rẹ̀ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn chip náà. Ó dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé agolo ìpara kan jáde. Ohun dúdú kan wà nínú òwú níbẹ̀, ogún ẹsẹ̀ lápá kan, ogún lápá kejì, bí ọ̀kùn, lẹ́tà àjèjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Lẹ́tà wo rèé, Aunty?”

“Ti Russia ni. Kyiv ni wọ́n ti ṣe é, irú èyí tó kú yìí gan-an ni. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé.”

James rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kò jẹ̀bi, nítorí àwọn tó mọ̀ kò pọ̀. Ní 1984 ni ìjọba fún Sìmíátù ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti Ìlọrin, nígbà tí Kyiv ṣì wà lábẹ́ Soviet Union. Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n parí, olùkọ́ wọn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní chip kan. Nígbà tó bá ọkọ rẹ̀ dé Manchester, ó gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó gbà á. Ó gbálẹ̀ ọsibítù fún ọdún méjìlá ní Crumpsall, ó ń ránṣọ nírọ̀lẹ́, títí ó fi gba ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ má bínú o, ma,” James wí. “Ṣé àwọn ayédèrú yẹn ni? Wọ́n ní iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n jí.”

“Wọ́n dà á kọ, òótọ́ ni. Amẹ́ríkà kò tà fún wọn. Wọ́n á wá ọ̀kan lábẹ́lẹ̀, wọ́n á bó o ní ìpele-ìpele, wọ́n á ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tún gbogbo rẹ̀ yà. Bí mo bá gbé kóòtù fún ọ, tí mo ní kí o tú u, kí o sì gé irú rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ ọ, ṣé o lè ṣe é?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè ṣe é.”

“Nítorí náà, má pè wọ́n ní ọ̀lẹ.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n fi kẹ́yìn?”

“Kí wọ́n tó gé ọ̀kan tán, Amẹ́ríkà ti rán òmíràn. Ẹni tó ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣíwájú rẹ̀. Fi í síbẹ̀ jàre.”

James yọ òkú chip kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ti Kyiv bọ àwọn ihò tí ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́ wà tẹ́lẹ̀, láti òkè. Ẹsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó máa fi dé ìkejìlá, ẹsẹ̀ ti ń gun etí ihò. Èyí tó gbẹ̀yìn kọ lu pátákó tí wọ́n to chip sí, ó sì tẹ̀.

“Dúró!” Sìmíátù kígbe. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní láyé. Bí ẹsẹ̀ náà bá kán, bájì parí nìyẹn.

“Kò bá a mu, ma. Mo ṣáà ti sọ.”

Sìmíátù fi awò wo ẹsẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ sì padà sọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé, ó sì tún un sọ fún James. “Ínṣì ni Amẹ́ríkà fi wọn tirẹ̀. Mítà ni Soviet fi wọn tirẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì nínú ti Soviet fi ohun tí kò tó nínípọn bébà dín. Bí o bá kó o jọ dé ogún ẹsẹ̀, ó di nǹkan.”

“Ọ̀nà wo la máa wá gbé e gbà?”

“Bí a ṣe ń lẹ apá mọ́ ẹ̀wù. Apá kì í bá ihò rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kan, gbogbo àṣìṣe á kó jọ sí ìdí kejì. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àṣìṣe lè pín sí ọ̀tún àti òsì.”

Ó fi ẹ̀mú kékeré na ẹsẹ̀ tó tẹ̀, ó ń ṣe é bíi pé ẹyin ni. Ó ki àwọn ẹsẹ̀ àárín bọ ihò, ó sì ń fa àwọn yòókù síta, ìwọ̀nba irun orí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku mẹ́rin, ó dìde lọ kírun. James kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí ó fi padà. Ó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

James tan iná. Iná pupa ṣẹ́jú, ó kú, ti àwọ̀ ewé sì tàn. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nǹkan kan kò mì. Lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ gbéra, ó ń ró kọ̀kọ̀kọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ sì yọ lára súwẹ́tà.

“Aunty! Ẹ wá máa bá mi ṣiṣẹ́ o!”

“Ìwọ ni kí o bá mi ṣiṣẹ́. Mẹ́tàdínlógójì ló kù. Na òmíràn fún mi.”

Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ọ̀gá ilé-kéwú ka súwẹ́tà, wọ́n pé. Ó fọwọ́ pa bájì kan wò.

“Alhaja, èyí mà dán o. Ẹ̀rọ tuntun lẹ rà?”

“Tuntun kọ́, sà,” Sìmíátù dáhùn, ó sì fa ìwé àti bírò yọ. “Ẹ jẹ́ kí n kọ iye tí ẹ ó fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ sílẹ̀.”